Òwú tó wọ́ lójú ahunṣọ: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí másùnmáwo àti ojú

Ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan tó ń hun aṣọ òfì ní ìgboro Ìlọrin wá rí dókítà ojú nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá dé. Ó ní òwú tí òun ta sórí òfì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín. Ó ti tú u, ó ti tún un ta, pàbó ló já sí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń búra pé òwú náà tọ́ gbọnrangandan. Ọjọ́ tó fi ọwọ́ bo ojú kan ló rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ: ojú òsì rí òwú tó tọ́, ojú ọ̀tún rí èyí tó wọ́. Ìyẹn ló gbé e dìde nídìí òfì. (A ti yí àwọn nǹkan tó lè mú kí ènìyàn dá a mọ̀ padà nínú àkọsílẹ̀ yìí.)

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú náà kò dùn ún, kò pọ́n, kò ṣepin. Àárín gbùngbùn ohun tó bá tẹjú mọ́ ló ṣókùnkùn díẹ̀, bí òjìji tí iná fíláàṣì máa ń fi sílẹ̀ lójú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ní fọ́tò, àmọ́ tirẹ̀ kì í lọ. Ojú ọ̀tún tún ń rí nǹkan kéré ju bí òsì ṣe ń rí i lọ. Ti àwọ̀ ló wá bà á lọ́kàn jẹ́ jù. Àlàárì tó ń hun fún ìgbéyàwó ti ṣì lójú ọ̀tún. Àfi kó di ojú yẹn kó tó mọ bí pupa rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti ra gíláàsì onípọ́ọ́sì 1.50 lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, ó sì ní ó ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Oníkẹ́míìsì kan ti fún un ní oògùn ìkánsójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ní aráyé ni, nítorí ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ti ń fò láti bí oṣù kan ṣáájú. Ìpéǹpéjú tó ń fò kì í ṣe iṣẹ́ aráyé. Àìsùn, àárẹ̀ àti ìrònú ló sábà máa ń fà á, kì í sì í ba ìríran jẹ́. Ní ti ọkùnrin yìí, ara ti ń pariwo tipẹ́ kó tó di pé ojú fi í hàn.

Ohun tí àyẹ̀wò gbé jáde

Ojú òsì ka pátákó dé 6/5 (6/6 ni ti ojú tó dára; bí nọ́ńbà kejì bá ṣe pọ̀ tó ni ìríran dín kù tó). Ọ̀tún dúró sí 6/18. A fi páálí oníhò kékeré bo ọ̀tún, kò gòkè. A fi lẹ́ǹsì +1.00 sí i, ó gòkè dé 6/9. Ìfúnpá inú ojú jẹ́ 15 ní ọ̀tún àti 14 ní òsì, méjèèjì dára. Nígbà tí a ń gbé iná láti ojú kan bọ́ sí èkejì, ọmọlójú méjèèjì ń súnkì bó ṣe yẹ. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò: bí ó bá jẹ́ pé iṣan tó ti ojú lọ sí ọpọlọ ló ní àrùn, ṣe ni ọmọlójú náà ì bá máa fẹ̀ nígbà tí iná bá padà dé orí rẹ̀.

Páálí Amsler ló tẹ̀ lé e. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìbú àti gígùn rẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i ní mìlímítà 5 síra, àmì dúdú kan sì wà láàárín. A máa ń gbé e jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú, aláìsàn á wọ gíláàsì ìkàwé bó bá ń lo ọ̀kan, á di ojú kan, á wá tẹ èkejì mọ́ àmì dúdú náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn máa fi ojú lé àwọn ìlà kiri. Bí ojú bá ti ń rìn, ibi tí àléébù wà yóò máa bá a rìn, kò ní mọ ibi tó wà gan-an. Ọkùnrin yìí kò nílò àlàyé gígùn. Aṣọ òfì tó ń hun lójoojúmọ́ fẹ̀ tó nǹkan bí ínǹṣì mẹ́rin, òwú sì tò sí i lẹ́sẹẹsẹ. Amsler ló ti ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìmọ̀. Ó fi bírò ya ibi tí ìlà ti yọ gọngọ sókè fún wa: àyíká àmì àárín, díẹ̀ sí apá òkè.

A tún tan iná tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ojú kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 10, a wá ka iye àkókò tó gbà kó tó lè ka ìlà tó wà lókè èyí tó kéré jù tó lè kà tẹ́lẹ̀. Òsì gba ìṣẹ́jú àáyá 28. Ọ̀tún gba 95. Ojú tó dára kì í sábà kọjá 50 sí 60. Ó yẹ kí àwọn ilé ìtọ́jú kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ ńlá máa ṣe àyẹ̀wò yìí, nítorí tọ́ọ̀ṣì àti aago nìkan ló ń ná wọn. Bí ojú bá pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò, tí ọmọlójú sì ń ṣe dáadáa, ibi ìríran àárín ní ẹ̀yìn ojú ni kí wọ́n lọ wò.

Nígbà tí a kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú, a rí ibì kan tó wú rogodo ní àárín ẹ̀yìn ojú ọ̀tún, ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì orí iṣan ojú. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí àmì funfun. A rán an lọ ya OCT ní ilé ìwòsàn ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná ya ẹ̀yìn ojú ní ìpele ìpele. Omi ti gbá jọ sábẹ́ awọ ìríran, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Gíga omi náà jẹ́ màíkírọ́nù 310 (ẹgbẹ̀rún màíkírọ́nù ló wà nínú mìlímítà kan). Ìpele tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní choroid, nípọn tó 455 ní ọ̀tún àti 420 ní òsì. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, 250 sí 300 ló máa ń jẹ́.

Central serous chorioretinopathy ni wọ́n ń pe àìsàn náà, CSC ní kúkúrú. Dókítà ojú Albrecht von Graefe ní Jámánì ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1866. Gass ní Amẹ́ríkà ló fi àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú ṣàlàyé ní 1967 pé láti inú choroid ni omi náà ti ń jò wá. Ní 1987, Yannuzzi, dókítà ojú mìíràn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kì í fún ara wọn nísinmi, tí gbogbo nǹkan ń kán lójú. Ó ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, àgàgà láàárín ọdún 30 sí 50.

Gíláàsì tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri wá yé wa. Omi ti ti awọ ìríran síwájú, ìmọ́lẹ̀ kò wá bọ́ sórí rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Mìlímítà kan tí awọ náà bá fi sún síwájú ń gba bí dàyọ́pítà mẹ́ta, ìyẹn ìwọ̀n agbára lẹ́ǹsì. Tirẹ̀ sún tó ìdá mẹ́ta mìlímítà, ìyẹn sì ni +1.00 tí a rí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé gíláàsì tó ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn sùn lórí àìsàn. Bí omi bá sì gbẹ, nọ́ńbà náà á lọ. Nítorí náà, a kì í kọ gíláàsì tuntun fún ẹni tí omi CSC rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ohun tó wà nínú ọ̀rá

Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa CSC ni pé ìrònú ló fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yẹn ti ṣe iṣẹ́ ààbọ̀. Ìbéèrè oògùn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

"Alfa, oògùn wo lẹ ń lò lọ́wọ́?"

"Dókítà, mi ò lo oògùn kankan o. Ti ẹ̀yìn ríro nìkan ni."

Ìyàwó rẹ̀ ló padà sílé lọ gbé ọ̀rá náà wá. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílùú: ọ̀rá kékeré tí wọ́n so lórí, tí hóró oògùn oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀ láìsí páálí, láìsí orúkọ. Ọkùnrin náà ní òun máa ń lo hóró kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀ ní méjì láàárọ̀ àti méjì lálẹ́, ó sì ti ń lo wọ́n fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá ẹni tó tà á, tí wọ́n ní kó mú páálí jáde, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dexamethasone, lára àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, 0.5 mílígíráàmù ní hóró kan. Hóró mẹ́rin lóòjọ́ jẹ́ mílígíráàmù 2. Bí a bá mọ̀ pé 0.75 dexamethasone ń ṣe iṣẹ́ 5 prednisolone, sítẹ́rọ́ìdì mìíràn, mílígíráàmù 2 yẹn jẹ́ bí prednisolone 13. Irú rẹ̀ tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe lóòjọ́ kò ju bíi 5 sí 7 lọ. Oògùn ìkánsójú tí wọ́n fún un náà ní dexamethasone nínú. Wọ́n fẹ́ fi tọ́jú ojú, wọ́n sì tún dá kún ohun tó ń bà á jẹ́.

Àwọn àmì mìíràn ti wà lára rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fiyè sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Àwọn ará àdúgbò ń kí i kú oríire, wọ́n ní owó Iléyá ti ń yọ lójú rẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150/94, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹun jẹ́ 6.3, ó ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ti ìrònú náà wà níbẹ̀, kò fara sin. Ó ti gba àsansílẹ̀ lórí aṣọ ìgbéyàwó mélòó kan, owó òwú wá lọ sókè, owó tó gbà kò ra òwú tó mọ́. Ó yá owó lórí fóònù. Nígbà tí kò tètè san án, àwọn tó yá a lówó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀, títí kan àna rẹ̀. Ó wá ń fi òru hunṣọ, iná tọ́ọ̀ṣì níwájú orí, oorun wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìjókòó yẹn ló dá ẹ̀yìn ríro sílẹ̀, ẹ̀yìn ríro ló mú un dé ìdí ọ̀rá. Bí gbèsè ṣe gba ibi ẹ̀yìn dé inú ojú nìyẹn.

Ọ̀nà tí másùnmáwo gbà ń dé ẹ̀yìn ojú

Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹṣẹ́ (gland) kékeré kan wà tó ń tú kọ́tísọ̀lù, sítẹ́rọ́ìdì tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, jáde nígbà tí ọkàn kò bá balẹ̀. Kọ́tísọ̀lù máa ń pọ̀ láàárọ̀, á wá lọ sílẹ̀ ní ọ̀gànjọ́. Ẹni tí kì í sùn lóru ti da ètò yẹn rú. Choroid ojú ní ibi tí kọ́tísọ̀lù ti ń so mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá sì pọ̀ gidigidi fún ìwọ̀n rẹ̀. Bí iṣan ibẹ̀ bá fẹ̀ jù, omi á máa jò láti inú wọn. Láàárín choroid àti awọ ìríran ni ìpele sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ dúdú kan wà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó nípọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ọ̀nà mọ́ omi, kó sì máa fa èyí tó bá kọjá padà sẹ́yìn. Nígbà tí bí omi ṣe ń tì í bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ihò kan á ṣí níbẹ̀, omi á gba ibẹ̀ wọlé, awọ ìríran á gbé sókè. Dexamethasone àti prednisolone jẹ́ ẹbí kọ́tísọ̀lù. Ara kò mọ èyí tó ti orí kíndìnrín wá yàtọ̀ sí èyí tó ti kẹ́míìsì wá.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tàbí hóró sítẹ́rọ́ìdì "pa iná" ojú tí omi dé sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìtíì ya OCT. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Vogt-Koyanagi-Harada tó ń kó omi sábẹ́ awọ ìríran bákan náà. Sítẹ́rọ́ìdì gan-an ni oògùn tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì ló sábà máa ń mú, orí fífọ́ àti ariwo inú etí a máa bá a rìn, ojú a sì máa pọ́n. Ti ọkùnrin yìí kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Kì í ṣe gìlókómà: etí ìríran ni ìyẹn máa ń kọ́kọ́ jẹ, kì í ṣe àárín. Kì í sì í ṣe ìwúlé iṣan ojú, nítorí ojú kò dùn ún nígbà tó bá yí i, ọmọlójú rẹ̀ sì ń ṣe dáadáa.

Ohun tí a ṣe

Oògùn ìkánsójú dúró lọ́jọ́ yẹn. Ti hóró kò ṣeé dá dúró lójijì. Ẹni tó bá ti lo sítẹ́rọ́ìdì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín rẹ̀ lè ti sùn. Bó bá dá oògùn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, òòyì, èébì àti àìlera tó lè gbé ẹ̀mí lọ lè dé. Dókítà ara ló dín in kù, ìdajì mílígíráàmù ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, títí tó fi dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìwọ̀n ti ẹni yìí ni o. Kí ẹlòmíràn má fi dín tirẹ̀ kù. Fún ẹ̀yìn, paracetamol, ìjókòó tó ga díẹ̀ sí i, àti kó máa dìde rìn lẹ́yìn gbogbo ìdajì wákàtí.

Kí a sọ fún ẹni tó jẹ gbèsè pé kó má ronú mọ́, àsọdànù ni. Ohun tó ṣeé yí ni a yí. Ohun àkọ́kọ́ tí a sọ fún un ni pé ojú náà kò ní fọ́. Pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìbẹ̀rù ìfọ́jú gan-an wà lára másùnmáwo rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá jókòó, wọ́n to orúkọ oníbàárà sílẹ̀, wọ́n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún èyí tó gbà, wọ́n gbé iṣẹ́ díẹ̀ fún ahunṣọ mìíràn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀ yá wọn lówó láti fi san ti orí fóònù. Kò gbọ́dọ̀ jókòó sí òfì mọ́ lẹ́yìn ìrun ìṣà. A bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ máa ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì ń dúró lójú oorun, nítorí ìyẹn náà ń bá CSC rìn. Ó ní rárá. A tún bi òun nìkan, lẹ́yìn tí ìyàwó ti jáde, bóyá ó ń lo oògùn agbára ọkùnrin, torí pé àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ kan ti so irú sildenafil mọ́ ọn. Ìbéèrè yìí kò ṣeé bi lójú ìyàwó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, omi ti lọ sílẹ̀ sí 190. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ó ku 70, ojú ka 6/9 láìsí lẹ́ǹsì. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá ó pe dókítà pé òwú ti tún wọ́. Omi ti gòkè sí 220.

Oorun rẹ̀ dára, kò sí hóró kankan. A tún béèrè lórí oògùn, ó tún ní rárá. Nígbà tí a wá béèrè ohun tó ń fi pa ara ni ó rántí: làpálàpá mú un láàárín ìtan, ó sì ti ń fi ìpara kan pa á láàárọ̀ àti lálẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Irú ìpara olóògùn mẹ́ta tó kún ọjà ni. Clobetasol ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ó sì wà lára sítẹ́rọ́ìdì ìpara tó le jù. Awọ àárín ìtan fẹ́lẹ́, ó ń fa ìpara wọlé ju awọ apá lọ. Ó dá a dúró, a fún un ní clotrimazole lásán, oògùn làpálàpá tí kò ní sítẹ́rọ́ìdì nínú. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè wa ti pín sí márùn-ún: ohun tí ẹ ń gbé mì, ohun tí ẹ ń kán, ohun tí ẹ ń fín sí imú tàbí fà sí ọ̀nà ọ̀fun, ohun tí wọ́n gún yín, ohun tí ẹ ń fi pa ara, títí kan ìpara ìbóra.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ó ku 90. Ibi yìí ni a ti rò ó bóyá kí a rán an lọ gba ìtọ́jú PDT, níbi tí wọ́n ti ń fa verteporfin sínú iṣan, tí wọ́n wá ń tan iná pàtó sí ibi tó ń jò. Ìdajì ìwọ̀n oògùn ni wọ́n ń lò fún CSC. Bí ibi tó ń jò bá jìnnà sí àárín, léésà lásán lè dí i. Ní ti eplerenone, hóró kan tí àwọn kan ṣì ń kọ fún aláìsàn, ìwádìí VICI tó jáde ní 2020 fi hàn pé kò ju oògùn ẹ̀tàn (hóró tí kò ní oògùn nínú) lọ. Lójú tiwa, ìgbà tí ìpara dúró ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù, kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́. A dúró sí i. Ní ọ̀sẹ̀ ogún, ó gbẹ. Ojú ọ̀tún ka 6/6. Ìlà Amsler tọ́, àmọ́ pupa kò tíì jinlẹ̀ tó ti òsì; ìyẹn lè pẹ́ kó tó padà, ó sì lè má padà tán.

Choroid òsì rẹ̀ ṣì nípọn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí ìdajì àwọn tó ní CSC ló sì máa ń tún un ní. Ó ń wo òwú òfì rẹ̀ pẹ̀lú ojú kọ̀ọ̀kan ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀. Bí ó bá wọ́, kó má dúró de ọ̀la. A kọ páálí kékeré kan fún un láti máa fi sínú àpò, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: ẹni yìí kò gbọ́dọ̀ lo sítẹ́rọ́ìdì ní ọ̀nà kankan, àfi bí dókítà tó mọ̀ nípa ojú rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Àyẹ̀wò rẹ̀ tó kàn jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìfúnpá ojú, ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà.